Ariwo Kọ́ Ni Agbára: Bí A Ṣe Yan Sàláńsà fún Baby Boy Wa

Ìdánwò ló kọ́kọ́ dá wa dúró, lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ mọ́tò gba ìyókù àkókò wa, ó sì gba gbogbo owó ọwọ́ wa. Ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn gan-an la fẹ́ sọ lónìí, torí a mọ̀ pé àwa nìkan kọ́ ni sàláńsà aláriwo ń wù.

Àwa tí à ń kọ ọ́, ìbejì ni wá. Inú kíláàsì kan náà la wà, mọ́tò kan náà la sì jọ ń wà. Bẹyẹrúnká ni wọ́n bí wa sí, ibẹ̀ la ṣì ń gbé. Mọ́tò náà, Honda Accord ọdún 2000 ni, irú èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Baby Boy. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.3, ó ní sílíńdà mẹ́rin. Bàbá wa ló fà á lé wa lọ́wọ́ nígbà tí ojú wọn ò jẹ́ kí wọ́n lè wakọ̀ lálẹ́ mọ́. Àdéhùn kan ṣoṣo ni wọ́n bá wa ṣe: ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, kíláàsì ìbáà wà, kó má wà, ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ gbé Màmá wa lọ ra èlùbọ́ ní Bódìjà, kó sì gbé àwọn àti ẹrù wọn padà sí ìsọ̀ wọn ní Ọjà'ba.

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ ọ̀nà yẹn. Láti Bódìjà, a ó gba Sẹkitéríàtì bọ́ sí Géètì. Láti Géètì, a ó forí lé Bẹẹrẹ, níbi tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ ti ń dúró deni. Láti Bẹẹrẹ, a ó gun òkè Mápó, níbi tí gbọ̀ngán tí wọ́n parí ní 1929 jókòó lé, kí a tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba. Àpò èlùbọ́ á kún bùútù, á tún kún ìjókòó ẹ̀yìn. Mọ́tò á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ní oṣù Keje ọdún tó kọjá, mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kò-kò-kò láàárọ̀, bí ẹni ń fi ṣíbí kan ìkòkò. Bó bá ti gbóná tán, ìró náà á rọlẹ̀ díẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kejì, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì wa, bàbá kan tó ti ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò wa kí wọ́n tó bí wa, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi ìka tọ́ ilà dúdú kan hàn wá lára orí sàláńsà, ìyẹn mánífóòdù, irin tí wọ́n dì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì gan-an, tí èéfín sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbà jáde.

"Ó ti sán," ni wọ́n wí. "Irin dídà ni. Ó ń gbóná, ó ń tutù, láti bí ọdún mélòó kan. Ẹ lọ ra òmíràn wá."

Ẹni tó bá rí ojú wa lọ́jọ́ yẹn á rò pé owó la jẹ. Inú wa dùn! Ó ti pẹ́ tí a ti ń wo fídíò àwọn mọ́tò eré ìje. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní iléèwé wa tó jẹ́ pé kí BMW rẹ̀ tó yọ, ìró rẹ̀ á ti dé, gbogbo ojú á sì yíjú síbẹ̀. A ti mọ̀ pé hẹ́dà ni wọ́n ń pe ohun tí irú wọn fi ń rọ́pò mánífóòdù, a sì mọ̀ pé èyí tí páìpù rẹ̀ gùn ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ohun tí a ń wá kí ó bàjẹ́ ti bàjẹ́ fúnra rẹ̀.

Kí ẹ lè lóye ohun tó wù wá, ẹ jẹ́ ká fi agboolé ṣàlàyé. Ká ní yàrá mẹ́rin wà nínú agboolé kan, tí ilẹ̀kùn gbogbo wọn ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúkúrú kan. Bí ará yàrá kan bá ń sáré jáde, tí ará yàrá kejì náà já wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á forí gbárí, ẹlòmíì á tilẹ̀ padà sínú yàrá. Bí mánífóòdù onírin dídà ṣe rí nìyẹn: ọ̀nà mẹ́rin tó kúrú, tí wọ́n sì tètè pàdé. Ti hẹ́dà yàtọ̀. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní páìpù tirẹ̀, àwọn páìpù náà sì máa ń sún mọ́ra ní gígùn, kí èéfín ẹnì kan má baà dí ti ẹlòmíì lọ́wọ́.

Ó tún kù. Èéfín tó bá fi agbára jáde máa ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, bí ìgbà tí bọ́ọ̀sì ńlá bá sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́ fa aṣọ ẹni tẹ̀ lé e. Ìfà yẹn ló ń bá sílíńdà gbá èéfín tó kù síta, kí epo àti afẹ́fẹ́ tuntun lè ráyè wọlé. Bí páìpù bá kúrú, orí eré àsápajúdé ni ìfà náà ti máa ń bọ́ sí àkókò. Bó bá gùn, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì yára púpọ̀. Bí páìpù bá wá fẹ̀ jù, èéfín á máa rìn bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ, ìfà náà á sì dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í fi ra páìpù nítorí pé ó tóbi.

Nínú ẹ́ńjìnnì tiwa, sílíńdà 1 ló ń kọ́kọ́ jó, 3 ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 4, kó tó kan 2. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe hẹ́dà máa ń so páìpù 1 mọ́ 4, wọ́n á so 2 mọ́ 3, kí méjèèjì tó wá di ẹyọ kan. Wọ́n ń pe èyí ní 4-2-1, ó sì dára fún eré àárín. Èyí tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé lójú kan náà ni 4-1, òun ló wà fún ẹni tó fẹ́ máa tẹ ẹ́ńjìnnì dé góńgó.

Ẹ rí i pé a kàwé wa. A tiẹ̀ ti rí àwíjàre tí a ó sọ fún Bàbá: "Òkè ni Mápó, ẹrù Màmá sì wúwo. Hẹ́dà onípáìpù gígùn ló ń fún mọ́tò lágbára láti gun òkè." Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì mọ̀ pé kì í ṣe ìdí tí a fi ń wá a nìyẹn. Ìró la fẹ́.

A lọ sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Géètì. Ẹni tó ní hẹ́dà onípáìpù gígùn sọ fún wa pé kì í ṣe Accord ni wọ́n ṣe é fún, pé ti Honda mìíràn ni, ṣùgbọ́n wẹ́dà á bá wa tún un ṣe kó wọlé. Owó tó pè tó láti ra mánífóòdù tọ́kùnbọ̀ mẹ́rin. A ní ká lọ tọ́jú owó. Bí a ṣe ń jáde, ọkùnrin kan pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sábẹ́ mọ́tò wa, ó ní, "Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ ò nílò kátálíìsì tó wà lábẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ n gé e, mo fẹ́ rà á." Owó tó dárúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó hẹ́dà. A wo ara wa. A ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Títí di ìgbà yẹn, mọ́tò tó sán là ń wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko la fi wà á, torí pé mánífóòdù tọ́kùnbọ̀ tí apá wa ká lọ́jọ́ kìíní kò wù wá. Ariwo rẹ̀ ti wá pọ̀ sí i, àwa sì ń gbádùn rẹ̀. Bí a bá ti dé orí òkè Mápó, àwọn aládùúgbò ìsọ̀ Màmá á ti máa sọ pé, "Ìyá Ìbejì, mọ́tò àwọn ọmọ yín ti ń bọ̀." Oríyìn la kà á sí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, orí ń fọ́ Màmá wa. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n lo oògùn ibà. Kò lọ. Wọ́n ní oòrùn Bódìjà ni. Orí ń fọ́ àwa náà, a sì ní ìwé tí à ń kà ló fà á. Kò sí ẹni tó kíyè sí i pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni orí fífọ́ náà máa ń le jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òjò ńlá mú wa ní Géètì. A yí gíláàsì sókè. A tan fáànù torí gíláàsì iwájú ń bu kùrukùru. Nígbà tí a dé Bẹẹrẹ, gbogbo ọ̀nà ti dí pa. A dúró síbẹ̀, a ò lè kọjá, a ò lè padà. Màmá wa jókòó níwájú, wọ́n di báàgì wọn mú. Wọ́n kọ́kọ́ ní, "Táyé, èébì ń gbé mi." Nígbà tó yá, wọn ò sọ nǹkan kan mọ́. A rò pé oorun ni. Nígbà tí ọ̀nà là, tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gun Mápó, a pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Orí wọn ti fara ti ilẹ̀kùn.

A ò ní ṣe àlàyé bí a ṣe dé ilé ìwòsàn. A kàn ń fọn fèrè, à ń sunkún. Wọ́n fi atẹ́gùn sí wọn nímú. Nígbà tí Màmá lajú, dókítà obìnrin kan tí kò lè fi ọjọ́ orí jù wá lọ púpọ̀ bèèrè bí gbogbo rẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bèèrè ohun kan tí a ò retí: "Ṣé kò sí ohun tó ń ṣe sàláńsà mọ́tò yín?"

Kò sí èyí tó lè dáhùn nínú wa.

Dókítà ló ṣàlàyé fún wa pé carbon monoxide wà nínú èéfín mọ́tò. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn tirẹ̀. Bí a bá fà á símú, ó máa ń di ẹ̀jẹ̀ mú ní ìlọ́po tó ju 200 lọ sí bí oxygen ṣe ń dì í mú, kò sì ní jẹ́ kí oxygen rí ibi jókòó sí. Orí á fọ́ni, òòyì á kọ́ni, èébì á gbéni, lẹ́yìn náà oorun. Ẹni tó bá sùn nínú rẹ̀ lè má jí. Ojú ibi tí mánífóòdù wa ti sán, iwájú ẹ́ńjìnnì ni. Bí mọ́tò bá ń sáré, afẹ́fẹ́ á gbá púpọ̀ nínú èéfín náà lọ. Bó bá dúró sójú kan nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, èéfín á kún abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, fáànù tí àwa fọwọ́ ara wa tàn á sì máa fà á wọlé látinú ihò afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú.

Ọlọ́run ló yọ wá. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dá Màmá sílẹ̀. Wọn ò bá wa jà, ìyẹn gan-an ló sì dùn wá jù.

Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì, a jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: hẹ́dà, owó tí à ń tọ́jú, ọkùnrin tó fẹ́ ra kátálíìsì. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní ká jókòó.

"Ẹ̀yin ẹ̀jìrẹ́, hẹ́dà kì í ṣe nǹkan burúkú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi mọ́tò yín léèrè ibi tó ń lọ, àti ẹni tó ń gbé."

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá ni ilẹ̀. Nínú irú Honda tiwa, iwájú ni èéfín ti ń jáde, páìpù á sì gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá sẹ́yìn. Hẹ́dà onípáìpù gígùn máa ń rọ̀ wálẹ̀ níbẹ̀ ju mánífóòdù lọ. Ẹ wá ro ọ̀nà wa wò, pẹ̀lú búm̀pù tí kò ní àmì, ihò tí omi bò mọ́lẹ̀, àti gọ́tà tí a gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí a tó wọ Bẹyẹrúnká. Tí àpò èlùbọ́ bá tún tẹ mọ́tò rì, páìpù ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ojú ibi tó bá ti ya ni èéfín á tún gbà.

Wọ́n tún mú wa dé orí sẹ́ńsọ̀ tó ń tọ́ oxygen inú èéfín wò, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì iye epo tó yẹ kó fọ́n. Tí mánífóòdù bá sán ṣáájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta á máa wọlé, sẹ́ńsọ̀ á rò pé epo kò tó, kọ̀ǹpútà á sì máa fọ́n epo sí i lásán. Ìyẹn ni pé a ń sun epo dànù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, epo tí kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí iye owó rẹ̀ dà láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Bí wọn ò bá sì fi sẹ́ńsọ̀ síbi tó yẹ lára hẹ́dà, bó bá jìnnà jù sí ooru, ọ̀rọ̀ iná check engine á di ti ojoojúmọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kan kátálíìsì. Platinum, palladium àti rhodium wà nínú rẹ̀, wọ́n sì wọ́n ju bí ojú ti ń rí lọ. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin yẹn fi fẹ́ rà á. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ carbon monoxide di carbon dioxide kí èéfín tó jáde lẹ́yìn mọ́tò. Òjé inú epo ayé àtijọ́ máa ń bà á jẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti pàdé ní Dakar ní 2001, tí wọ́n fẹnu kò láti yọ òjé kúrò nínú epo, àwíjàre yẹn ti kúrò nílẹ̀. Nàìjíríà náà ní òfin lórí èéfín ọkọ̀ láti 2011, àjọ NESREA ló ń rí sí i. Ká pa òfin tì ná: ẹ wo bí àwọn ìsọ̀ ṣe sún mọ́ ọ̀nà ní Ọjà'ba. Ìyá tó jókòó ti igbá rẹ̀ wà ní ìpele ẹnu sàláńsà mọ́tò wa. Ohun tí Màmá fà símú nínú mọ́tò, ṣé ká wá máa tú u sí àwọn ìyá ẹlòmíì lára nítorí pé a gba owó kátálíìsì?

Ọ̀gá wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n tọ́ka sí Mícrà kan tó ń gun òkè bọ̀. "Ẹ̀yin ẹ wo ìyẹn." Mícrà tó kún ìgboro Ìbàdàn, èyí tí Nissan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1992, lítà 1.0 tàbí 1.3 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Pẹ̀lú mánífóòdù tó bá a dé, ó ń kó èrò gun Mápó láti àárọ̀ dalẹ́. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Mícrà méjì, a wá ní kò lè gbé èlùbọ́ gòkè láìsí hẹ́dà! Ojú tì wá.

Mánífóòdù tọ́kùnbọ̀ la rà. Kí a tó sanwó, ọ̀gá fi rúlà irin lé ojú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti wọ́, wọ́n fi bírọ́ọ̀ṣì fọ ìpẹtà kúrò láti wò ó bóyá ó ti sán níbìkan. A ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun àti nọ́ọ̀tì tuntun. Àárín ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún nọ́ọ̀tì, wọ́n ń bọ̀ sí etí díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, wọ́n da omi ọṣẹ sójú ìdè, wọ́n ní ká wò ó bóyá ó ń hó. Kò hó. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, a padà lọ kí wọ́n lè tún àwọn nọ́ọ̀tì náà fún. Kátálíìsì wà níbi tó wà.

Ẹni tó bá ní mọ́tò eré ìje lóòótọ́, bóyá Mustang tàbí Corvette oní-V8, tó sì níbi tí yóò ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa láìsí ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, hẹ́dà onípáìpù gígùn lè bá a mu. Kó ra èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gan-an. Kó wo bí páìpù ṣe fẹ̀ àti bó ṣe gùn, kó wò ó bóyá irin tí kì í dípẹtà ni. Kó rí i pé ojú tí wọ́n ó dì mọ́ ẹ́ńjìnnì nípọn, kó má baà tètè wọ́. Kó wá àyè fún sẹ́ńsọ̀ àti kátálíìsì, kó sì wọn àlàfo tó wà láàárín páìpù àti ilẹ̀ nígbà tí ẹrù bá wà nínú mọ́tò. Ṣùgbọ́n bí ohun tó wà nínú mọ́tò rẹ bá ti sán lónìí, jọ̀ọ́, tún un ṣe lónìí. Má fi dúró de èyí tó wù ọ́.

Mọ́tò wa kì í pariwo mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, a dé iwájú ìsọ̀ Màmá, a dúró sí ẹ̀yìn wọn fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó yíjú padà.

"Àṣé ẹ ti dé?" ni wọ́n wí. "Mi ò gbọ́ ìró yín."

A ní, "Ẹ mà ṣé o, Màmá." A kó àpò wọn sílẹ̀.